Bí Bàbá Fáìlì Ṣe Ná Ìrìn Lọ́wọ́ Dókítà

Títí dòní, bí dókítà bá sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwòsàn yẹn pé kó máa rìn, àwọn nọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná. Bàbá Fáìlì ni wọ́n rántí. Olóògbé náà nìkan ni wọ́n tíì rí tó jókòó síwájú dókítà, tó ń ná ìwòsàn bí ẹni ń ná bàtà.

Dókítà ti gbé e sórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ òṣùwọ̀n sáré lọ sí tòsí ibi tí nọ́ńbà parí sí, ó sì dúró síbẹ̀. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀, nọ́ńbà ò yí padà.

"Bàbá, ẹ máa dín ogún kílò kù. Ẹ ó sì máa rin ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀ lójoojúmọ́."

"Ẹgbàárùn-ún." Bàbá Fáìlì rọra fi fìlà sórí itan. "Dókítà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún kan."

"Mi ò tajà níbí, Bàbá."

"Mo mọ̀. Ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ọkàn yín ni mò ń sọ."

"Ọkàn mi náà ń gbọ́. Ó ní ẹgbẹ̀rún méjì lagbára òun ká."

Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Aránṣọ ni, òun náà ti jókòó ti máṣíìnì láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó ti ń fi ìka tẹ iwájú orí látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ẹgbẹ̀rún kan, nígbà tó sì dé méjì, ó figbe ta. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi dókítà sílẹ̀! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé dókítà mú okùn tí wọ́n fi ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ó so ó mọ́ apá obìnrin náà. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, tiyín ga ju ti Bàbá lọ."

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni aránṣọ wí. "Ṣebí ẹ rí ẹni tó ń gbé e sókè. Ẹ bá mi yanjú òun ná, tèmi á wálẹ̀ fúnra rẹ̀."

Dókítà ò sún kúrò lórí ẹgbàárùn-ún. Bàbá Fáìlì wá ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ọjà ná máa ń ṣe. Ó dìde, ó dé fìlà, ó ní, "Ó dáa, mò ń lọ," ó sì jáde. Ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń retí kí dókítà pè é padà. Ó kọjá níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ó kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ó dé ẹnu géètì. Ẹnì kan ò pè é. Ó dúró, ó nu òógùn, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà. Dókítà ń kọ̀wé lọ́wọ́, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Àlọ àtàbọ̀ yẹn tó irinwó ìṣísẹ̀, Bàbá. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ó lé ẹgbẹ̀ta."

Ẹni tí kò bá mọ yàrá tí Bàbá Fáìlì ti ṣiṣẹ́ lè rò pé oúnjẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Àga ni. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi jẹ́ olórí yàrá fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kan, fáìlì sì kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé àjà. Ẹlòmíràn á máa dìde, á máa bẹ̀rẹ̀, á máa gun àkàbà. Bàbá Fáìlì ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Àga onítáyà ló ní, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi epo sí táyà rẹ̀ láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n bá béèrè fáìlì ilẹ̀, á fi gìgísẹ̀ ti ara rẹ̀, ó di apá ọ̀tún. Bí wọ́n bá béèrè ti owó orí, ó di apá òsì. Fún èyí tó wà lókè, ó ti so irin háńgà mọ́ orí igi ìgbálẹ̀, á fi kọ́ fáìlì náà, á fi ọwọ́ kejì hán an. Kò sí èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Ipa tí táyà àga náà là sílẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi máa ń dúró sínú rẹ̀ bí wọ́n bá nu yàrá.

Akọ̀wé obìnrin tó jókòó sí tábìlì kejì sọ pé ọdún mẹ́rin lòun ti bá a ṣiṣẹ́ kóun tó mọ̀ pé ó ga ju òun lọ. Ọjọ́ tí àga náà kán ni.

"Ọ̀gá, ẹ dìde nà díẹ̀," ni akọ̀wé máa ń bẹ̀ ẹ́.

"Ta ló ń lé mi?" ni Bàbá Fáìlì máa ń dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ dókítà, aránṣọ ra aago kan tó ń ka ìṣísẹ̀, ó dè é mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá Fáìlì wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá wọn, ẹgbàáta!" Inú obìnrin náà dùn, ó fi ẹran kún ọbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹgbàáta ó lé. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, ẹran ń pọ̀ sí i. Ìgbà tí wọ́n padà délé ìwòsàn, òṣùwọ̀n ní ó ti fi kílò méjì kún ti tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Aránṣọ gba ọ́fíìsì lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ò tiẹ̀ jẹ́ kó béèrè tán. "Màmá, òǹtẹ̀ ni wọ́n ń lù." Bàbá Fáìlì ti rí i pé bóun bá gbé ọwọ́ sókè tóun lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, aago á kà á sí ìṣísẹ̀. Ó wá ń lu òǹtẹ̀ láti àárọ̀ dọ́sàn-án. Ó lu ìwé tó yẹ, ó lu èyí tí kò yẹ, ó lu ìwé ìròyìn akọ̀wé níwájú àti lẹ́yìn. Ibi tó jókòó sí ló ti rin gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn náà ni aránṣọ mú ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ìwòsàn, dókítà sì pè é sí kọ̀rọ̀. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún un. "Màmá, bó bá ń lọ báyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á lo ọdún méjì sí i." Obìnrin náà délé, ó jókòó ti máṣíìnì, kò rán nǹkan kan. Inú ń bí i sí ọkùnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń sunkún. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó ń dun ni nìyẹn.

Ọ̀nà là níbi tí kò rò. Wọ́n jọ lọ ra bàtà ìrìn ní òpópó tí ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí. Bàbá Fáìlì dá iye kan, oníbàtà kọ̀ ọ́. "Ó dáa, mò ń lọ," ni Bàbá Fáìlì wí, ó sì kọjú sọ́nà. Oníbàtà náà lágídí, ó ń nu bàtà lọ ní tirẹ̀. Bàbá Fáìlì rìn, ó rìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kó tó gbọ́ "Bàbá, ẹ padà wá." Aránṣọ dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ọkùnrin tí dókítà bẹ̀ títí tí kò rìn, ẹ wò ó tó ń rìn nítorí bàtà tí kò fẹ́ lò.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tó fi padà lọ bá oníbàtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bí ọkọ mi bá ná ọjà lọ́dọ̀ yín, ẹ má tètè pè é padà."

"Tó bá lọ tí kò padà ńkọ́, Màmá?"

"Á padà. Ọjà tó bá ti fẹnu kàn, kì í fi í sílẹ̀."

"Ibo ni kó dé ká tó pè é?"

"Lọ́sẹ̀ yìí, ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, ọgbà ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà, ilé epo."

Oníbàtà tan ọ̀rọ̀ náà kálẹ̀, gbogbo òpópó sì gbà. Àtìgbà náà ni aránṣọ ò ti ní nǹkan tó pé nílé mọ́. Lónìí ó rán ọkọ rẹ̀ ní bọ́tìnì mẹ́rin, lọ́la abẹ́rẹ́, lọ́tùnla ọsàn.

"Ṣé o ò lè ra bọ́tìnì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?"

"Mi ò mọ̀ pé ẹ̀wù náà máa gùn tó bẹ́ẹ̀, Bàbá wọn."

Ẹ̀rù tún ń bà á pé kí ọkùnrin náà má lọ ṣubú lójú ọ̀nà. Nítorí náà, bí Bàbá Fáìlì bá ti jáde, á fi gèlè bo ojú, á tẹ̀ lé e lókèèrè, á máa fara pa mọ́ sẹ́yìn mọ́tò tí wọ́n gbé sílẹ̀. Bó bá rí i tó ń padà bọ̀ láti ilé epo, á gba ọ̀nà ẹ̀yìn sáré wálé, á jókòó ti máṣíìnì, á gbé aṣọ lé e.

"Kí ló dé tó o fi ń mí báyìí?" ni ọkọ rẹ̀ máa bi í.

"Máṣíìnì ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le."

"N ó fi epo sí i fún ọ."

Ẹnu Bàbá Fáìlì ò sinmi lórí òpópó náà. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjà tà mọ́ láyé. Ó ní irú oníṣòwò wo ló ń jẹ́ kí oníbàárà rìn dé ilé epo kó tó pè é? Ó ṣàlàyé fún akọ̀wé láàárọ̀, ó ṣàlàyé fún un lọ́sàn-án, títí tí akọ̀wé fi gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá kejì. Bàbá Fáìlì wá di ẹni tó ń dìde lọ bá a níbẹ̀ láti parí àlàyé.

Lóṣù kẹfà, kílò mẹ́sàn-án ti lọ. Ìfúnpá aránṣọ náà ti wálẹ̀. Dókítà ní òun ò mọ bó ṣe jẹ́, obìnrin náà ní ṣebí òun ti sọ fún un tẹ́lẹ̀.

"Ogún kílò ni mo ní, Bàbá," ni dókítà wí.

"Ẹ gba mọ́kànlá."

Wọ́n ná an títí, wọ́n fi í sí mẹ́rìnlá. Bàbá Fáìlì ò tíì dìde. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ọdún mélòó lẹ máa fún mi báyìí?"

"Ọlọ́run ló ń fúnni, Bàbá."

"Mo mọ̀. Tiyín ni mò ń bi yín."

"Tẹ́ ẹ bá ń rìn báyìí, ẹ fi ojú sí mẹ́wàá."

"Ẹ ṣe é lógún."

Dókítà mi orí. Bàbá Fáìlì dé fìlà, ó ní, "Ó dáa, mò ń lọ." Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì nígbà tí fèrèsé ṣí lẹ́yìn rẹ̀. "Bàbá, ẹ padà wá! Ẹ mú un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Àwọn nọ́ọ̀sì ní àwọn ò tíì rí àgbàlagbà tó yára rìn bẹ́ẹ̀ rí.

Mẹ́tàlá ló lò. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń de okùn bàtà, ó de ti ọ̀tún tán, kò de ti òsì. Ilé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń ná nǹkan kan mọ́, sùúrù aránṣọ sì pọ̀ lápọ̀jù, kò mọ ẹni tí yóò lò ó fún. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kọjá tí kò jáde. Ó jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìgbà tí sálúbàtà rẹ̀ já ló tó lọ sí òpópó. Ó dá iye kan fún oníbàtà, oníbàtà kọ̀ ọ́. Ó rẹ aránṣọ, kò lè bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó kọjú sọ́nà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó kọjá ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó kọjá ọgbà ilé-ìwé, inú ti ń bí i. Ilé epo ló dé kó tó gbọ́ ohùn oníbàtà lẹ́yìn. "Màmá, ẹ padà wá!"

Ó padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ṣé bí ẹ ṣe máa ń ṣe opó nìyí? Èmi náà lẹ fẹ́ ṣe irú ìyẹn sí?"

Oníbàtà wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá ló ní ká máa ṣe bẹ́ẹ̀."

"Bàbá wo?"

"Bàbá wa náà. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí tí wọ́n fi wá. Wọ́n ní àwọn ti rí yín lẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n ní ìfúnpá yín ga ju tiwọn lọ, àmọ́ báwọn bá ní kẹ́ ẹ máa rìn, ẹ máa ní iṣẹ́ wà lórí máṣíìnì. Wọ́n ní ká má tètè pe àwọn o, torí ibi táwọn bá rìn dé lẹ̀yin náà máa rìn dé." Oníbàtà gbé sálúbàtà náà, ó ń nù ún. "Wọ́n tún ní báwọn bá lọ tán, tẹ́ ẹ bá wá nájà, ká má ṣojú àánú."

Aránṣọ jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ló fi rò pé òun lòun ń tan ọkùnrin náà rìn. Ó kọ́kọ́ fi ìka tẹ iwájú orí, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n léjìká, ó rín in títí tí omi fi dà lójú rẹ̀, oníbàtà ò sì mọ èwo nínú méjèèjì ló yẹ kóun bá a ṣe.

Ó nu ojú rẹ̀, ó dìde. Ó tún iye dá. Ó kéré sí ti àkọ́kọ́.

"Màmá, kò gbà," ni oníbàtà wí jẹ́ẹ́.

"Ó dáa," ni aránṣọ wí. "Mò ń lọ."

Ó kọjú sọ́nà ilé epo, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.