Igbá Ìtọ́wò Ilé Ọkọ Mi

Ní ilé ọkọ mi ní Ìsẹ́yìn, ìyáálé ni ó gbọdọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọtí ọkà bàbà wò lójú àwọn ọkùnrin tí ó wá ṣe ọ̀wẹ̀ ebè kíkọ. Bí kò bá tọ́ ọ wò, ẹnikẹ́ni kò ní fi ẹnu kàn án. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe olùkọ́ ni ìyáálé. Ṣùgbọ́n ìdajì igbá kékeré tó láti mú ojú mi pọ́n, kí àyà mi sì máa lù kìkì.

Láti ọjọ́ tí mo ti ṣubú lé àwo ọbẹ̀ lójú àlejò ni ọkọ mi ti gbé ìtọ́wò fún ìyàwó rẹ̀ kejì, ẹni tí kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà. Yóò mu ún tán, yóò nu ètè, yóò sì máa bá àwọn ọkùnrin ṣe ẹ̀fẹ̀ bí ẹni tí ó mu omi. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó kí mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Nítorí pé òun ni ó ń pọn ọtí náà, mo gbà pé ó ń fi nǹkan sí igbá tí ó ń bù fún mi. Ní ọ̀wẹ̀ ọdún kan, mo ní kí a pààrọ̀ igbá lójú gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀, ó gba tèmi, ó mu ún tán, ó sì na tirẹ̀ sí mi.

“Ìyáálé mi, ẹ ní sùúrù díẹ̀,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé àwo ọbẹ̀ kúrò nílẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbínú ni mo fi mu ún. Kò pẹ́ tí ara mi fi gbóná, orí itan rẹ̀ ni mo sì fi orí lé.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ṣakí wá kí wa, mo rojọ́ fún un, mo retí pé yóò gbè mí. Ó ní ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọtí di májèlé kan, kí ó tó sọ májèlé náà di ohun tí kò léwu. Pé nínú ara àwọn kan, májèlé yìí máa ń tètè gbára jọ ju bí ara ti lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ lọ, àti pé àbímọ́ ni. Ó wá béèrè bóyá baba mi máa ń mutí. Mo rántí bí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń yìn ín pé kì í fẹnu kan ọtí, àti bí ojú rẹ̀ ti pọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ipá fún un mu.

“Màmá, ogún yín nìyẹn,” ni ọmọ mi wí. “Ẹ lọ bẹ ìyá kékeré.”

Mo bẹ̀ ẹ́, mo lo gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó yẹ. Ní ọ̀wẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ni mo gbé igbá lé e lọ́wọ́. Bí yóò bá tilẹ̀ gba ipò náà, ọwọ́ mi ni kí ó ti gbà á. Bí ọ̀fun rẹ̀ ti ń lọ sókè sódò, mo jókòó, mo ń jowú ẹ̀dọ̀ rẹ̀.