Ẹnà Inú Ewé

Àwòrán ewé kan báyìí ni olùkọ́ wa ní yunifásítì tan sára ògiri. Gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ jọ odidi ewé, àwọn ẹ̀ka inú ẹ̀ka náà tún jọ ọ́. Ó ní òfin mẹ́rin péré ló bí i: a mú àmì kékeré kan, a fi òfin sún un, a tún fi òfin sún èyí tó jáde, títí lọ. Bí a bá yí òfin náà díẹ̀, ewé di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi irú rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́: ẹni tí kò bá mọ òfin, àwòrán lásán ló máa rí.

Àwọn yòókù ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ń ro ọmọbìnrin Lafiaji kan tí mo fẹ́ràn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin ló ń gbé, ìyá náà a sì máa yẹ fóònù rẹ̀ wò. Wọ́n ti búra pé ọjọ́ tí àwọn bá rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ níbẹ̀, ọjọ́ náà lọmọ máa padà sí Ìjẹ̀bú. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbé Èkó láìsí i níbẹ̀.

Kí n tó délé ní Pópó Àgùdà, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnà tí a ń fọ̀ ní kékeré ni mo sọ dòfin: lẹ́yìn sílébù kọ̀ọ̀kan, fi g àti fáwẹ́lì rẹ̀ kún un. "Mo" di "mogo". Ọmọ kékeré mọ ìyẹn, nítorí náà mo ṣe bíi ti ewé. Mo tún fi òfin kan náà sún èyí tó jáde, mo tún un ṣe sí i, títí "Mo fẹ́ ẹ" fi gùn ju okùn kànga lọ. Mo lọ bá ọmọbìnrin náà lójú ọ̀nà, mo fẹnu ṣàlàyé òfin náà fún un. Mo fi ránṣẹ́, mo wá ń yan kiri àdúgbò.

Mo gbàgbé pé a kì í fi àmì orí àti tìsàlẹ̀ sọ́rọ̀ lórí fóònù. Ohun tó ṣíwájú lọ́hùn-ún ni "mogogogogogogogo".

Nírọ̀lẹ́, ìyá náà ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé awò ojú wọ̀, wọ́n kà á sókè: "Mo gọ̀, gọ̀, gọ̀, gọ̀…" Wọn ò ka ìyókù. "Ọmọ yìí, ta ló bi ọ́?"

Bí mo bá ní kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ìfẹ́ ló máa tú síta. Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Mo gọ̀ lóòótọ́."

"Ó dáa. Ọkùnrin tó bá ti mọ̀ pé òun gọ̀, ó ṣeé bá gbé. Tí o bá ń bọ̀, ẹnu ọ̀nà iwájú ni kó o máa gbà." Ọmọbìnrin náà ti sá wọ kíṣìnì, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Òun ni ìyàwó mi lónìí. Láìpẹ́ yìí, mo ń sọ fún àwọn ọmọ wa bí mo ṣe tan ìyá náà jẹ, ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá àgbà báyìí. Ìyá àgbà jókòó tì wá, wọ́n ń bó ọsàn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mogo mọ̀gọ̀," wọ́n ní.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tú u: Mo mọ̀. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń yangàn yìí, wọ́n ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn. Wọ́n kàn fẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ pé mo gọ̀ ni. Mo sì sọ ọ́, lórí ìdọ̀bálẹ̀.