Auntie Adébísọ́lá Bọ́ Aṣọ Choir Sílẹ̀

Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Auntie Adébísọ́lá yìí, n ò lè dá a gbọ́!

Carer ni, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn; Thamesmead ní London ló ń gbé, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó kó máa kọrin nínú choir. Láràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sẹ́bàá Woolwich Common, lọ wẹ̀ fún Daddy Raghavan, tíṣà àtijọ́ kan tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn bàbá, bàbá ní, "Bísọ́lá, ta ló ń wẹ ta?"

"Èmi ni mò ń wẹ̀ yín, Daddy."

"Rárá o. Ọ̀kan ṣoṣo ló ń wẹ ara rẹ̀."

Ẹ ò rí nǹkan! Advaita nìyẹn, ẹ̀kọ́ àwọn Híńdù kan: pé ẹni tí mo jẹ́ nínú lọ́hùn-ún àti Brahman, òtítọ́ tó gbé gbogbo ayé ró, kò sí ààlà láàárín wọn rárá. Àìmọ̀ ló ń jẹ́ ká rí méjì.

Auntie ní, "Tó bá jẹ́ ọ̀kan ni wá, kí ló dé tí ẹ̀yìn yín ń yún, tí tèmi ò yún?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Ará Dvaita! Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá wa fà á." Híńdù làwọn yẹn náà, àmọ́ wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni Ọlọ́run, ọ̀tọ̀ ni ọkàn, títí láé; Ọlọ́run lọ̀gá, òun ni ọkàn gbára lé. Inú Auntie dùn bí ẹni tó pàdé ìbátan lójú ọ̀nà. Látìgbà náà, àríyànjiyàn ni wọ́n fi ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀.

Àfi Sunday kan tí Auntie dìde láti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Woolwich Dockyard. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún Daddy Raghavan, Híńdù tí mò ń tọ́jú..."

"Blood of Jesus!"

Àwọn ará ìjọ ló pariwo yẹn. Wọn ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀, pé àríyànjiyàn yẹn gan-an ló jẹ́ kóun mọ ìdí tóun fi ń pe Ọlọ́run ní Olúwa.

Mummy Àrínọlá, olórí choir, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sister Bísọ́lá, ní kí ọ́fíìsì yín fún ẹ ní client míì, àbí kó o bọ́ robe yẹn."

"Mummy, ẹ ò bi mí léèrè èsì tí mo fún Daddy?"

"Mi ò fẹ́ gbọ́!"

"Èmi gbọ́ tiwọn, mi ò sì yẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di etí, kí lẹ̀ ń bẹ̀rù?" Ó bọ́ robe, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé Mummy lọ́wọ́. "Robe lẹ fún mi o. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fún mi ní ohùn."

Wọ́n rò pé kò ní wá mọ́. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló wà báyìí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bí choir bá ti dá orin, á gbà á mọ́ wọn lẹ́nu, àwọn ọmọdé á yíjú sẹ́yìn. Tó bá di Monday, ó di ọ̀dọ̀ bàbá.

Ẹ̀ ń ṣiyèméjì? Ẹ wá ní Sunday. Ẹ jókòó sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi etí ara yín gbọ́.