Ilé Afẹ́ni

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, Walter tó ń rán bàtà ni wọ́n máa ń bi ní ìtumọ̀ ìlú inú Bíbélì. Bẹ́tẹ́lì, ilé Ọlọ́run. Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ilé oúnjẹ. Ẹnu oníwàásù ló ti ṣà wọ́n jọ. Gbólóhùn kan ni ẹnu rẹ̀ kò gbà: "Mi ò mọ̀."

Lọ́dún 1984, Matilda, opó tó ń ta aṣọ, kọ́lé sọ́nà Ìmùṣin. Ó fẹ́ kọ orúkọ ìlú mímọ́ sí iwájú ilé. Ó ṣí Bíbélì, ó fìka tọ́ ọ̀kan.

"Bọ̀dá Walter, Bet-afeni yìí ńkọ́?"

Walter ò gbọ́ ọ rí. Ó mọ̀ pé "bet" ni ilé. Kò sí àmì ohùn kankan lórí "afeni". Ó bá a fi tirẹ̀ sí i.

"Ilé Afẹ́ni ni. Ilé ẹni tó fẹ́ràn ènìyàn."

"Ha! Èmi gan-an nìyẹn!"

Mọ́rúfù bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì mọ lẹ́tà Bet-afeni gàdàgbà síwájú ilé. Matilda to àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ilé Afẹ́ni kì í lé àlejò.

Kò pẹ́ tí pásítọ̀ tuntun dé. Ìwé Hósíà ló ń ṣàlàyé lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ó kan Bet-afeni.

"Ilé asán ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ará. Ilé ìwà búburú."

Kò mọ̀ pé ilé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan pa ẹ̀rín mọ́nú. Matilda yí ọrùn wo Walter. Walter ń wo bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Walter lọ bá a nílé. Ó ṣí fìlà, kò jókòó.

"Matilda, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn rí. Irọ́ ni mo pa."

"Bọ̀dá, ẹ bá ti ní ẹ ò mọ̀. Ṣé màá lù yín ni?"

Èébú ì bá sàn fún un. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló jẹ́ kí ilẹ̀ wù ú wọ̀.

Matilda ní kí wọ́n yọ orúkọ náà. Mọ́rúfù gun àkàbà, ó ń fi hámà fọ́ lẹ́tà. Walter di àkàbà mú nísàlẹ̀, eruku ń bọ́ sí i lórí, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó.

"Bàbá onítumọ̀," ni Mọ́rúfù wí, "ìlú wo la ó kọ síbẹ̀ báyìí?"

"Mi ò mọ̀."

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù.

"Ẹ ní kí ni?"

Ó tún un wí.