Ẹsẹ̀ Bàbá Ayọ̀

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ sọ́jà nígbà náà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Odode, Ìdànrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé ìjà owó oṣù ló ń bí mi nínú di òní. Rárá o, ti ẹsẹ̀ Bàbá Ayọ̀ ni.

Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá, ará Atosin, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mi ò bá mọ nǹkan kan mọ́, kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ mi o. Òun ni mo fi ń gun Òkè Ìdànrè lọ gbàdúrà. Bó bá máa pa mí, kó pa mí."

Mo kọ ọ́, ó tẹ̀ka, ará ìjọ rẹ̀ méjì jẹ́rìí. Mo ní ká pe Ayọ̀, àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, kó fọwọ́ sí i. Bàbá ní, "Á bá mi jà." Mo sì gbà fún un! Èmi tí mo máa ń pariwo pé àdéhùn tí apá kan ṣoṣo bá fọwọ́ sí, ìwé lásán ni!

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá dákú. Kí n tó débẹ̀, Ayọ̀ ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ abẹ. Mo na ìwé wa sí dókítà.

"Mọ̀lẹ́bí wo ló jẹ́rìí síbí?"

"Bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó ti dákú?"

Mo kó àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti aláìsàn jọ, a jókòó dí ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Ayọ̀ bú sẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá yín ni?" Dúpẹ́, tó lágídí jù nínú wa, ló kọ́kọ́ dìde. "Ẹ má bínú, Akọ̀wé. Mi ò lè jókòó kí èèyàn máa kú lójú mi." Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; kò pẹ́, ó ku èmi nìkan nílẹ̀.

Wọ́n gé e. Bàbá sì yè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn gbà pé bí aláìsàn bá ti sọ ṣáájú pé òun ò fẹ́ ìtọ́jú kan, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀, wọ́n á sì pe mọ̀lẹ́bí kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn nìkan la rí gbà. Kò tíì dòfin. Ọrùn ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyẹn wà.

Mo lọ bẹ Bàbá ní Atosin pé agbára wa ò ká a. Ó wá bi mí léèrè.

"Nígbà tí wọ́n ní mo yè, ṣé inú rẹ dùn?"

Mi ò lè purọ́. "Inú mi dùn, Bàbá."

"Inú gbogbo yín ló dùn," ó ní. "Ta ló bi mí?"