Ìbọn Tí Bàbá Mi Rọ fún Bàbá Akínlabí

Ní Sátidé tó kọjá, Dèjì ọmọ mi wá gbé mi ní Euless, níbi tí mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní kí n wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní Plano. Mo jókòó sí kíṣìnì ìyàwó rẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí òórùn kan gba ẹnu ilẹ̀kùn gáréèjì wọlé. Òórùn ẹ̀tù tó ti jó ni, tó dàpọ̀ mọ́ òróró àti irin. Ọwọ́ mi dúró sínú ẹ̀wà. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òórùn yẹn ti wọ imú mi kẹ́yìn, síbẹ̀ mo dá a mọ̀ bí ìgbà tí èèyàn dá ohùn ìyá rẹ̀ mọ̀ nínú èrò.

Mo dìde lọ wò wọ́n. Dèjì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, ọmọ ìjọ wa ni gbogbo wọn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí pátákó ni. Wọ́n tẹ́ àkísà sórí tábìlì, wọ́n sì ń nu ìbọn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Fẹ́mi, tó ń tọ́jú eyín fún àwọn èèyàn, fẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ Dèjì, ìdúnàádúrà sì ti wọra. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìbọn bí àwọn ọkùnrin mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù: èyí ń ta sẹ́yìn jù, tọ̀hún wúwo, wọ́n ti parí ṣíṣe irú ti ìyẹn. Bí wọ́n ṣe rí mi, gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mà."

Dèjì ṣí ìbọn náà, ó wo inú rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ó sì gbé e fún Fẹ́mi. Fẹ́mi tún un ṣí, ó wò ó, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tó gbé e fún ẹnì kẹta, ìyẹn náà tún un ṣí. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ ò gba ara yín gbọ́ ni? Ṣebí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lẹ̀ ń lọ?"

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Fẹ́mi dá mi lóhùn. "Lórí ọ̀rọ̀ ìbọn, a kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kódà bó jẹ́ Pásítọ̀ ló gbé e fún mi, màá wo inú rẹ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ti gbẹ. Mo padà sídìí ẹ̀wà mi, ṣùgbọ́n n kò rí òkúta mọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú yìí, ẹ ò ní mọ̀ pé ilé ìbọn ni wọ́n bí mi sí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi, ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó kù a máa rọ ọkọ́ àti àdá, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ni iṣẹ́ tirẹ̀, ìbọn gígùn tí ọdẹ ń gba ẹnu rẹ̀ kì. Wọ́n á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sí i, wọ́n á ki àkísà tẹ̀lé e, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ gún un mọ́lẹ̀, wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á tún fi àkísà dí i. Mo ti mọ gbogbo èyí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlọ́po méje.

Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni ọjà wa ń ná. Lọ́jọ́ ọjà, abẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú àgbẹ̀dẹ wa a máa kún fún ọdẹ. Wọ́n á ti abúlé wá pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Ẹlòmíràn wá tà, ẹlòmíràn wá pààrọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ní nǹkan méjì tí wọ́n wá ṣe ju pé kí wọ́n jókòó kí wọ́n máa pa irọ́ ẹran tó sá lọ. Wọ́n á gbé ìbọn sí èjìká, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á sì nà án sí òrùlé ìyá mi bí ẹni pé ẹtu ló dúró sórí páànù. Bàbá kan wà tó fi ọdún méjì gbáko ná ìbọn kan ṣoṣo. Bí ọjà bá ti pé, yóò dé, yóò gbé e, yóò fọwọ́ pa á lára, yóò sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi bi í pé kí ló dé, ó ní òun ń kọ́ ìwà rẹ̀ ni. Ìyá mi sọ láti inú ilé pé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó fẹ́ ìyàwó.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá rọ ìbọn tán, yóò dè é mọ́ kùkùté lẹ́yìnkùlé, yóò ki ẹ̀tù sí i dáadáa, yóò so okùn gígùn mọ́ ibi tí wọ́n ń fà, yóò sì fà á láti ẹ̀yìn ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò yìn ín bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, yóò fi àdín pa á lára, yóò sì fi í ti ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Bí ẹni tó ni ín bá dé, ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò sọ: "Òfìfo ni." Kò sí ọdẹ tó tún ń fi ọ̀pá wọn inú ìbọn bàbá mi wò. Bó ti sọ ọ́, ó parí.

Ọ̀rẹ́ mi nígbà náà ni Ràṣídátù, ọmọ Àáfà tí ilé wọn kángun sí tiwa. Kíláàsì kan náà la wà, ẹní kan náà la sì ń jókòó lé lórí. Ó láyà jù mí lọ, èmi náà sì lẹ́nu jù ú lọ, bí a ṣe bá ara wa mu nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá lọ́dún tí bàbá mi rọ ìbọn Bàbá Akínlabí.

Ọdẹ jẹ́jẹ́ kan ni Bàbá Akínlabí. Bó bá ń ti oko bọ̀, a máa mú ẹyin awó wá fún wa nínú àpò, ó sì máa ń kí àwa ọmọdé kó tó kí àgbà. Ìbọn rẹ̀ ti pé lọ́jọ́ ọjà náà, ó ti jẹ ẹ̀tù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó sì ti fara ti ògiri. Bàbá mi wọlé lọ jẹun àárọ̀. Èmi àti Ràṣídátù nìkan ló ṣẹ́ kù ní àgbẹ̀dẹ, la bá bẹ̀rẹ̀ eré ọlọ́jà. Èmi ni alágbẹ̀dẹ, òun ni ọdẹ. Ó fi ìkarawun ìgbín ná an lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò rà á bí n kò bá ki ẹ̀tù sí i fún òun. Mo ṣí ìwo tí bàbá mi ń kó ẹ̀tù sí, mo dà á sí ẹnu ìbọn bí mo ti ń rí i tí wọ́n ń dà á. Ràṣídátù já etí àkísà. A di ọ̀pá mú lọ́wọ́ mẹ́rin, a gún un, a da ọta ẹ̀kúnwọ́ sí i, a tún gún un. Kò jọ eré lójú wa mọ́, iṣẹ́ là ń ṣe. Bí a ti gbọ́ ikọ́ bàbá mi, a gbé e padà sí àyè rẹ̀, a sì sá jáde síta.

Mo rò pé bàbá mi yóò wo inú rẹ̀. Kí ló fẹ́ wò? Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́. Nígbà tí Bàbá Akínlabí dé, abẹ́ máńgòrò ni mo dúró sí, n kò jìnnà sí wọn ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Mo gbọ́ tí bàbá mi ní, "Òfìfo ni." Mo la ẹnu. Ràṣídátù já mi ní èékánná lápá, mo sì pa á dé. Ẹgba ni mo ń bẹ̀rù, ẹ jọ̀ọ́, ẹgba lásán. Bàbá Akínlabí gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, ó fọwọ́ kan orí mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbé Bàbá Akínlabí wọ̀lú. Ìbọn tuntun ni, kò tíì mọ bí inú rẹ̀ ti jìn tó, kò sì fura nígbà tí ọ̀pá rẹ̀ ò wọlé púpọ̀. Ó ki ẹ̀tù tirẹ̀ lé tiwa lórí. Ìbọn náà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó pàdánù ojú òsì àti ìka mẹ́ta.

Ìlú ní ayédèrú irin ni bàbá mi lò. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó gba àfọ́kù ìbọn náà, ó gbé e sórí itan, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún fún ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń sọ pé irin náà dára. Ìyá mi nìkan ló dá a lóhùn. Kí ọdún tó yí po, àwọn ọdẹ ti ń gba ìlú kejì lọ, abẹ́ máńgòrò wa ṣófo lọ́jọ́ ọjà. Ọkọ́ ni bàbá mi padà ń rọ. N kò sọ̀rọ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń pinnu pé màá sọ ọ́ lọ́la.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́ta ni, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá mi ò mọ̀ọ́kà. Ràṣídátù tó ti di tíṣà nílùú ló máa ń ka lẹ́tà mi fún un, òun náà ló sì ń bá a kọ èsì. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi ń kí mi, kí n kọjú sí ẹ̀kọ́ mi. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, gbólóhùn kan wà níbẹ̀: "Bàbá ní àwọn ti gbọ́, ọkàn àwọn sì ti balẹ̀." Mo sunkún dé ibi tí ara tù mí. Lẹ́tà yẹn bá mi wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Dallas. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ni mo fi tu ara mi nínú.

Ọdún kẹrin rèé tí Ràṣídátù pè mí. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ohùn rẹ̀ ti tín-ínrín.

"N kò kà á fún wọn," ó ní. "Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, inú wọn ń dùn pé ọmọ àwọn kọ̀wé. Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ẹnu mi kọ̀. Orúkọ tèmi náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ gbólóhùn yẹn."

Mo gé fóònù náà. Ó pè padà, n kò gbé e. Lóṣù tó tẹ̀lé e ó tún pè, mo wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí ó fi dákẹ́. Mo sọ fún ara mi pé bí inú mi bá rọ̀, màá pè é. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá pè mí, pé wọ́n ti sin ín ní àná. Àṣé mo tún lè ṣe irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí n pa ẹnu mọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan péré yóò tó.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé Sátidé yẹn, bí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba nọ́ńbà Akínlabí, ọmọ ọdẹ náà, lọ́wọ́ ọmọ Ràṣídátù. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mò ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "títí bàbá mi fi kú, wọ́n ní àwọn ni àwọn ki ẹ̀tù jù. Àwọn èèyàn rò pé wọ́n kàn ń bo alágbẹ̀dẹ láṣìírí ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi fúnra wọn gbà á gbọ́ o. Wọ́n gbà pé àwọn ni àwọn ba orúkọ bàbá yín jẹ́."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti dárí jì mí, pé ọmọdé ni wá. Mo ní kó bá mi sọ ọ́ fún ìlú.

"Ta ni kí n sọ ọ́ fún, Ẹ̀gbọ́n? Àwọn tó pariwo ọ̀rọ̀ náà, kò ku ẹnì kan."

Lọ́jọ́ náà ni Dèjì ń fi ọkọ̀ gbé mi padà sí Euless. Lórí fíríwéè, láàárín ọkọ̀ tó ń sáré lọ lọ́tùn-ún lósì, mo sọ fún òun náà. N kò bá a jà nítorí ìbọn rẹ̀. Bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń wo inú ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ká ní a ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni, a kì bá tí fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ mo mọ ìlú kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin kan ti tó fún àwọn ọdẹ odidi agbègbè, mo sì mọ ẹni tó fòpin sí i. Ìlú yẹn ti lọ. Ohun tó kù ni ìtìjú, kò sì gbó bí àwọn nǹkan mìíràn ṣe ń gbó.

Dèjì bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni orúkọ bàbá mi.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Nítorí kí n má baà dé ibi ọ̀rọ̀ ìbọn yẹn, n kò sọ̀rọ̀ bàbá mi fún àwọn ọmọ mi rí. Ọmọ tó ti pé ogójì ọdún, kò mọ orúkọ ẹni tó bí ìyá rẹ̀.

"Ògúndìran," mo ní.

Ó pè é, ó ṣi ohùn orúkọ náà pè. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè.