Mọ́tò Tí A Kàn Bí Ọkọ̀ Ojú Omi

Mo rántí ìgbà tí òórùn fáíbà, ohun tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi, gba gbogbo ilé wa ní Ìkòròdú, tó fi jẹ́ pé ọbẹ̀ pàápàá ń rùn bí ọ̀dà. Nínú gáréèjì tó dojú kọ títì ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi to mọ́tò. N kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí. Fídíò orí fóònù ni ọ̀gá mi. Páìpù onígun mẹ́rin ni mo jó pọ̀ ṣe egungun rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wá láti ara mọ́tò kékeré kan tí igi wó lù ní Ìmọ̀tà, àga méjì péré ni mọ́tò tèmi ní, kò sì ní òrùlé. Àwọn àgbà ní bí a gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó yóò yó.

Ìyàwó mi ni kò yó ní tirẹ̀. Aránṣọ ni, yàrá wa ló sì ti ń ránṣọ, àwọn oníbàárà a máa jókòó sórí ibùsùn wa. Gáréèjì yẹn ló fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Níkẹyìn a ṣe àdéhùn: lọ́jọ́ Iléyá, kí mọ́tò náà gbé wa dé ilé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Bó bá dé, gáréèjì di tèmi. Bó bá kú sọ́nà, kí n kó irin mi jáde.

"Olówó orí mi, ẹyin lohùn o," ló wí. "Ẹ má wá sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé púlọ́ọ̀gì ló fà á."

Ọ̀gá kan tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ ló wá bá mi ṣe ara mọ́tò náà ní gáréèjì, nítorí wọ́n mọ fáíbà lò ní Ẹ̀pẹ́. A tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele, a ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Mo ní kí a so ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ láìsí àlàfo kankan, kí omi títì má baà ráyè wọlé. Nígbà tó gbẹ, ọ̀gá dán an wò bí wọ́n ṣe ń dán ọkọ̀ ojú omi wò: ó pọn omi kún inú rẹ̀, a jókòó tì í, a ń wò ó. Ẹ̀kán omi kan kò jò. A bọ ara wa lọ́wọ́.

"Èyí máa pẹ́ láyé ju èmi àtìwọ lọ," ọ̀gá wí.

Inú mi dùn débi pé n kò bi ara mi léèrè ohun tí ènìyàn fẹ́ fi mọ́tò tí omi kì í jáde nínú rẹ̀ ṣe. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lọ́jọ́ Iléyá, a kọjá Ìmọ̀tà tán ni òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Mo ti rò pé bó bá rọ̀, á kàn ṣàn lọ. Ibo ló fẹ́ ṣàn gbà? Omi bo ẹsẹ̀ wa, ó ń gòkè lọ síbi tí bátìrì wà lábẹ́ àga. Bí mo bá pa ẹ́ńjìnnì, kò dájú pé yóò jí mọ́. Mo rò pé ìyàwó mi á káwọ́ gbera, torí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń bọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ apẹja ni. Ó ṣí ìdérí kúlà oúnjẹ tó wà lórí itan rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbọ́n omi dà síta, bí ẹni pé inú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ má wo ojú mi, títì ni kẹ́ ẹ wò!"

A dé. Bàbá rẹ̀ jáde nínú agbádá ọdún, ó wo bí omi ṣe ń mì nínú mọ́tò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ ọmọ mi, ọ̀sà ló wà lẹ́yìnkùlé yìí. Kí ló dé tí o ò kúkú gba orí omi wá?"

Ó ti gbọ́ nípa àdéhùn wa, ó sì bi ọmọ rẹ̀ pé ta ló borí. Ìyàwó mi ń fún omi kúrò létí ìró rẹ̀. "Ó dé, Bàbá," ló fọhùn. "Kò kú sọ́nà."

Nígbà tí a padà sílé, mo kó sípánà àti irin mi jáde kúrò ní gáréèjì kí ìyàwó mi lè fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àdéhùn ni àdéhùn, tèmi ni gáréèjì. Mo ní èmi nìkan kọ́ ló wa mọ́tò dé Ẹ̀pẹ́.

Mo ti lu ihò sí ilẹ̀ mọ́tò náà báyìí, ó sì ṣì ń rìn. Àwọn tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí máa ń wá bi mí pé irú páìpù wo ni, ìpele fáíbà mélòó ni. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún mi lọ́jọ́ náà, tí aṣọ ọdún rẹ̀ tutù dé ìbàdí, tó ń fi ìdérí kúlà da omi tí ì bá fún un ní ṣọ́ọ̀bù nù.